Alfa Zakari àti Búútà Èèrà

Ẹ dé Tanke ní Ìlọrin lónìí, kí ẹ dárúkọ Alfa Zakari létí àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ nígbà tirẹ̀, kí ẹ wá wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kọ́kọ́ sọ pé ó gbọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé ó gọ̀. Wọn á ní, "Ṣé Alfa búútà?" Wọn á rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kí wọ́n tó rántí pé ó yẹ kí àwọn ní kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Bí ọ̀rọ̀ búútà náà ṣe jẹ́ rèé. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ jáde ní yunifásítì, olùkọ́ wọn, Dókítà Lami, pín wọn ní méjì-méjì. Ó ní kí ẹni méjì kọ̀ọ̀kan fi kọ̀ǹpútà ya ohun kan tó wúlò nínú ilé, kí ẹ̀rọ sì ṣe ohun náà jáde bí wọ́n ṣe yà á gẹ́lẹ́. CAD/CAM ni wọ́n ń pe kọ́ọ̀sì náà. Àwọn kan ya ọwọ́ ìlẹ̀kùn, àwọn kan ya ìdérí ìkòkò. Alfa Zakari ní búútà lòun ó yà, búútà tí ẹnu rẹ̀ kò ní máa fi omi ṣòfò bí èèyàn bá ń ṣe àlùwàlá. Ó yá tépù lọ́wọ́ télọ̀ kan ní Pàkátà, ó wọn búútà ilé rẹ̀ láti ìdí dé ọrùn, ó kó gbogbo òǹkà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ínǹṣì mẹ́sàn-án ni gíga rẹ̀ lójú tépù télọ̀. Alfa tẹ mẹ́sàn-án.

Ẹ̀rọ tó máa ṣe é jáde, púríńtà tíríì-dì ni wọ́n ń pè é. Rọ́bà ló máa ń yọ́, á máa tò ó ní ìpele-ìpele títí ohun tí wọ́n yà yóò fi dìde dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò gbọ́ ínǹṣì rárá. Mìlímítà nìkan ló gbọ́. Ẹ bá ní mẹ́sàn-án fún un láìṣàlàyé, mìlímítà mẹ́sàn-án ni yóò ṣe fún yín, kò sì ní bi yín pé, "Alfa, ṣé ó dá yín lójú?"

Gbogbo kíláàsì ló wá wòran. Alfa ti sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà yóò gba ọjọ́ kan gbáko, ó tilẹ̀ gbé ẹní wá láti ilé. Ó ń tẹ́ ẹní náà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ dún "píìn" pé òun ti parí.

"Ó parí kí ni?" Naeem ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Naeem ni ọmọkùnrin tí Dókítà Lami so mọ́ Alfa nínú iṣẹ́ náà, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ìdajì ti Alfa.

Wọ́n yọjú wo inú ẹ̀rọ, wọn kò rí nǹkan kan. Alfa yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Nígbà náà ló rí i, ohun kan báyìí tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Ó ní ọwọ́, ó ní ẹnu, ọrùn rẹ̀ gún régé. Búútà ni lóòótọ́. Alfa gbé e lé orí ìka, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Dókítà Lami dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le koko.

"Súbùhánà-llàhì," ni Alfa wí. "Ẹ bá mi yọjú sí ìta, ẹ pe àwọn èèrà. Ẹ ní omi àlùwàlá wọn ti délẹ̀."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Dókítà Lami, tí ẹnikẹ́ni kò rí eyín rẹ̀ rí, yára jáde, wọ́n sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìta. Nígbà tó padà wọlé, ó ti tún ojú le. Ó ní, "Iṣẹ́ yìí kò kúnjú òṣùwọ̀n. Alfa, ẹ lọ tún un ṣe." Gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àfi Naeem.

Naeem kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀ẹ̀kejì tó ń ṣe kọ́ọ̀sì yìí rèé. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fún un ní kọ̀ǹpútà àti ìdákẹ́rọ́rọ́, á ya ọkọ̀ òfúrufú fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ difẹ́ǹsì, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti fẹnu ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í ṣí. Ọdún tó kọjá, ó la ẹnu níwájú wọn, afẹ́fẹ́ ló jáde. Wọ́n ní kó mu omi, ó mu omi tán, afẹ́fẹ́ náà tún ni. Bó bá tún fìdí rẹmi báyìí, kò ní lè jáde lọ́dún yìí náà. Bàbá rẹ̀, tó ń dá oko iṣu lẹ́yìn ìlú Ìlọrin, sì ti ní bí ọdún yìí bá tún kọjá, kó ká ẹrù rẹ̀ wálé, kó wá gbé ọkọ́. Bàbá náà kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Nítorí náà ni Naeem ṣe tọ Dókítà Lami lọ pé kó jọ̀ọ́ kó fi òun sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà gba àkókò kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Dókítà Lami ní, "Naeem, Alfa kì í sinmi ọ̀rọ̀. Ìwọ kì í sọ ọ́. Bí a bá da yín pọ̀, ẹ ó tó èèyàn kan. Máa lọ."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwa ọmọ Ìlọrin náà mọ ara wa. Ẹ bi wá pé aago mélòó ló lù, a ó kọ́kọ́ kí yín, a ó kí ará ilé yín, a ó bèèrè iṣẹ́, a ó ṣàdúà, kí a tó wá sọ fún yín pé a kò so aago mọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ti Alfa Zakari ju ti wa lọ. Òun gan-an máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bí òun, òun kò ké, wáàsí lòun ń ṣe, agbẹ̀bí ni kò gbọ́ Lárúbáwá.

Ó ti lé ní ogójì ọdún kó tó wọ yunifásítì, ilé kéú ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Pàkátà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì, jalabíà funfun ló wọ̀, ó wé láwàní, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Àwọn ọmọ rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun ló dé. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, "Ẹ káàárọ̀, sà!" Ẹlòmíràn á ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹlẹgbẹ́ yín ni mí. Alfa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ wọn lóhùn, ó ṣàdúà fún wọn, ó ní kí wọ́n jókòó. Nígbà tí wọ́n wá jókòó tán tí wọ́n ń wò ó, kò fẹ́ kí ojú tì wọ́n, ló bá bẹ̀rẹ̀ wáàsí lórí àǹfààní ìmọ̀. Olùkọ́ tó ni iṣẹ́ dé, ó bá kíláàsì tó pa lọ́lọ́ níwájú àgbàlagbà, ó rò pé yàrá ẹlòmíràn lòun ṣì wọ̀. Ó tọrọ gáfárà, ó padà jáde.

Bí wọ́n bá bi í pé kí ló gbé e wá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìtàn òní kì í jọ ti àná. Lónìí, ẹ̀rọ ìlọta kan ló já òun kulẹ̀. Lọ́la, àlá ni òun lá. Naeem nìkan ló gbọ́ èyí tó jọ òótọ́. Alfa ní òun kò fẹ́ kí àwọn ọmọ kéú òun máa rò pé ẹni tó bá mọ Kùráánì kò lè mọ ẹ̀rọ. "Mo wá ṣe é kí wọ́n lè rí i," ló wí. "Bí mo bá sì ṣe é tí n kò mọ̀ ọ́n, ó kéré tán, wọ́n á rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n."

Ohun tó fẹ́ràn jù lára kọ̀ǹpútà ni bọ́tìnnì tó ń pa àṣìṣe rẹ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ó pariwo pé, "Wàláà tí kò gba omi rèé o!" Wàláà ni pátákó tí ọmọ kéú fi ń kọ̀wé; bó bá ti mọ ohun tó wà lára rẹ̀ lórí, á fi omi fọ̀ ọ́, á sì kọ òmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà Alfa ti bẹ̀rẹ̀. Kò gbà láti fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó ní ohun tó bá wà nínú fíláàṣì kọ̀ǹpútà, ti fíláàṣì ni. Ìmọ̀ ni èyí tó bá wà láyà. Á ya búútà láti àárọ̀, á máa mi ara síwá sẹ́yìn, á máa fi ohùn kéú ka gbogbo òǹkà rẹ̀ sórí. Bó bá fẹ́ tì í, kọ̀ǹpútà á bi í bóyá kí òun fi pamọ́. Alfa á dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Rárá o, jàsákàllàhù," á sì tẹ̀ ẹ́ pé rárá.

Ní ọjọ́ kejì, á tún un yà láti àyà. Búútà ọjọ́ kan a ní ọrùn tó wọ́ bíi ti ẹni tó sùn lódì. Ti ọjọ́ kejì, ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò da omi sí ara rẹ̀ láyà. Naeem fi ìbẹ̀rù fi èyí hàn án. Alfa wò ó títí, ó ní, "Àyà mi kò gbàgbé nǹkan kan. Búútà yẹn ni kì í dúró lójú kan." Láti ọjọ́ náà ni Naeem ti ń fi iṣẹ́ wọn pamọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀ràn èèrà, wọ́n tún un yà, Naeem sì rí sí i pé mìlímítà ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń rìn lọ wọ kẹ̀kẹ́ nígbà tí Alfa bi í léèrè.

"Kí ló dé tí o kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn? Mo pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín, ìwọ nìkan lo dúró bí ẹni tó ń gbọ́ ìdájọ́."

Naeem sọ fún un. Ó sọ ti difẹ́ǹsì, ó sọ ti afẹ́fẹ́, ó sọ ti bàbá rẹ̀ àti ọkọ́. Alfa gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ṣé ojú èèyàn ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alfa."

"Ojú àgbò ńkọ́?"

Báyìí ni Naeem ṣe bá ara rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé Alfa ní Pàkátà, tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ CAD/CAM fún àwọn àgbò. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ sá. Alfa ní kó tún gbé ohùn sókè, pé èyí tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń to rọ́bà ní ìpele-ìpele, èyí tó tóbi jù nínú wọn na ọrùn, ó já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́.

"Ìyẹn ti gba ọ̀rọ̀ rẹ wọlé," ni Alfa wí. "Máa bá àwọn yòókù lọ."

Lẹ́yìn àgbò, ó kan àwọn ọmọ ilé kéú. Alfa kọ́kọ́ dúró níwájú wọn, ó sọ ìtàn búútà èèrà fún wọn, ó sì fi kún un bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́nu Alfa, búútà yẹn kì í yé kéré sí i: ó ti kúrò ní ẹ̀wà, ó ti di ìrẹsì, lọ́jọ́ náà ó ti di ohun tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, tí òun sì ń sáré tẹ̀ lé. Ó wá bi wọ́n léèrè pé, "Ta ló gọ̀ jù ní Ìlọrin?"

Gbogbo wọn ké, "Alfa!"

"Ẹ káre." Ó yíjú sí Naeem, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o rí i? Wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín, mi ò kú. Àárọ̀ ọ̀la wọ́n á tún wá, wọ́n á tún pè mí ní Alfa. Ẹni tí wọ́n bá ti fi rẹ́rìn-ín rí tí kò kú, kí ló tún kù tí yóò bà á lẹ́rù?"

Naeem bọ́ síwájú wọn. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ ju kí olùkọ́ sọ̀rọ̀ kí àwọn sì gbè é lọ. Naeem ní, "Kí a tó ya ohunkóhun, a ó yan òṣùwọ̀n." Wọ́n gbè é pẹ̀lú ohùn kéú. Ó ní, "Mìlímítà ni." Wọ́n ké, "Mìlímítà ni!" Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá kan fi wá fẹjọ́ sùn pé kí ni wọ́n ń kọ́ ọmọ òun, pé ó parí Fátíà, kàkà kó ṣe àmín, mìlímítà ló ṣe.

Bí difẹ́ǹsì ṣe ń sún mọ́lé, wọ́n pín ọ̀rọ̀. Alfa yóò sọ èyí tó pọ̀. Naeem yóò sọ díẹ̀ níbi ìparí, bí èémí bá ṣì kù. Ọkàn Naeem balẹ̀. Ó mọ̀ pé bí Alfa bá ti gba ọ̀rọ̀, ọjọ́ lè ṣú kí ó tó kan òun.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, Alfa dé pẹ̀lú aṣọ tó wé mọ́ ọrùn nínú oòrùn Ìlọrin tí ẹ mọ̀ yìí. Naeem kí i. Alfa la ẹnu, kò sí ohùn. Ó fọwọ́ kan ọrùn, ó mi orí bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

"Alfa! Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má ṣe báyìí fún mi!"

Alfa tún fọwọ́ kan ọrùn. Wọ́n sì pè wọ́n wọlé.

Olùkọ́ mẹ́ta ló jókòó, Dókítà Lami wà láàárín. Naeem gbé búútà tuntun kalẹ̀ níwájú wọn. Dókítà Lami béèrè pé kí ló ṣe Alfa. Naeem fi ìka tọ́ka sí ọrùn Alfa, ó ní, "Ohùn... ohùn wọn ti há."

Olùkọ́ kan lápá ọ̀tún ní, "Àlùhàmúdù lílàhì." Dókítà Lami wò ó. Olùkọ́ náà yára yí i padà pé, "Mo ní inná lílàhì."

"Ó kù sí ọ lọ́wọ́ nìyẹn, Naeem," ni Dókítà Lami wí. "Bẹ̀rẹ̀."

Naeem la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó tún un là, afẹ́fẹ́ náà ni. Ó rí oko iṣu, ó rí ọkọ́, ó rí bàbá rẹ̀ tí kò ní bú u. Ojú rẹ̀ ń wá ibi tí yóò sá lọ, ló bá ṣe kòńgẹ́ ojú Alfa. Alfa jókòó jẹ́ẹ́ nínú jalabíà funfun, ó ti fi ìka méjì ṣe ìwo lórí láwàní rẹ̀, ó sì ń rọra jẹ ẹnu bí àgbò tó ń jẹ ìwé.

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Naeem. Ẹ̀rín náà sì fa ohùn jáde. Ó ní, "Kí a tó ya ohunkóhun, a ó yan òṣùwọ̀n," ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kí àwọn olùkọ́ gbè é. Ó sọ bí wọ́n ṣe yà á, ó sọ bí ẹ̀rọ ṣe kọ́ ọ, ó sọ ìdí tí wọ́n fi dín ẹnu rẹ̀ kù. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn. Nígbà kan, olùkọ́ ọ̀tún ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín búútà kan àti búútà mìíràn. Ojú Alfa pọ́n. Ó ki aṣọ ọrùn rẹ̀ bọ ẹnu, ó gé e jẹ, òógùn ń dà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Naeem ló fèsì. Wọ́n bu omi sínú búútà, ó ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀kán kan kò ṣòfò. Dókítà Lami ní, "Ó dára. Ẹ ti yege."

Wọ́n jáde dé ojú títì. Kẹ̀kẹ́ kan ń kọjá lọ, Alfa sì ké tòò bíi ládàánì, "Challenge! Ṣé o dé Challenge?" Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gọ́tà.

"Alfa! Ohùn yín!"

"Ohùn mi ṣe jẹ́?"

"Ẹ tàn mí jẹ ni! Ẹ ní ohùn yín há!"

"Èmi? Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu mi? Mo fọwọ́ kan ọrùn mi ni. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀?"

Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí Alfa Zakari fi jáde láyé. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ni. Nígbà náà Naeem ti ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge, ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ya páàtì ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́, òun ni wọ́n sì máa ń ní kó bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ó ti iṣẹ́ lọ sí àdúà fìdáù Alfa ní Pàkátà.

Wọ́n ṣàdúà tán, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Alfa, ẹ̀rín sì gba gbogbo àgbàlá. Bàbá àgbà kan nu ojú, ó ní, "Kò sí ohun tí Zakari kò lè dán wò láyé yìí, àfi kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́." Gbogbo wọn ní òótọ́ ni.

Naeem dìde láàárín àwọn àgbà láìjẹ́ pé wọ́n pè é. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá. Ó pa á mọ́ lọ́jọ́ kan." Ó sì sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan aṣọ tí Alfa gé jẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bàbá àgbà náà fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Láti ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin, Àbẹ̀ní, ìyàwó Alfa, gbé ohùn sókè. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn? Ṣé ìwọ ni Naeem?"

"Èmi ni, màmá."

"Ìwọ lo jẹ́ kí ojú mi rí nǹkan lọ́jọ́ náà! Ó wọlé láti yunifásítì, kò jẹ́ kí n dáná. Ọ̀rọ̀ ni ṣáá, bí ẹni pé wọ́n dì í lẹ́nu láti ọdún mẹ́wàá. Mo ní, 'Bàbá Ummu, kí ló dé?' Ó ní ọmọ òun dúró níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, ó sì sọ̀rọ̀. Mo ní ọmọ wo? Àwọn ọmọ wa kò tíì jáde pírámárì." Ó fi ìborùn nu ojú. "Ó ní, 'Àgbà wọn ni.'"

Gbogbo wọn ń wo Naeem. Ó wá ọ̀rọ̀ tì, kì í sì í ṣe ẹ̀rù. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yẹn púpọ̀, kò sì sọ ọ́ fún un rí.

Àbẹ̀ní yíjú sí Ummu-Kulthum, àkọ́bí rẹ̀, àtàwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jókòó lórí ẹní. Ó ní, "Kí lẹ ń wò? Ẹ dìde, ẹ lọ kí ẹ̀gbọ́n yín."

Àwọn ọmọ náà dìde, wọ́n wá bá Naeem níbi tó dúró sí, wọ́n sì kúnlẹ̀ kí i.